Kọ̀ǹpútà lórí bẹ́ẹ̀dì: iṣẹ́ lọ́sàn-án, géèmù lálẹ́

ỌmọMókọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún àbúrò mi, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ jókòó pẹ́ lórí àga fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lọ́sàn-án; bílẹ̀ bá ṣú, géèmù bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Bẹ́ẹ̀dì 6 sí 4 ni, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lórí ẹ̀, àlàfo abẹ́ ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14. Orí itan ló ń gbé láptọ́ọ̀pù lé. Ó ń gbóná janjan, géèmù ń fà, ọrùn sì ń ro ó. Kí la máa rà, kí la máa ní kí wẹ́dà tàbí káfíńtà bá wa ṣe?

Onímọ̀Ẹ̀rọ_Agége
Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yẹn kúrò lórí itan lónìí. Abẹ́ ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Tí fóòmù tàbí aṣọ ìbora bá dí ihò yẹn, ooru inú ẹ̀ lè gùn dé dígírì 95 sí 100, ẹ̀rọ náà á wá dẹ eré tiẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Ohun tó ń mú géèmù fà nìyẹn. Pátákó pẹrẹsẹ ló yẹ kó wà lábẹ́ ẹ̀, kì í ṣe pílò.

Ti ọrùn: níwọ̀n ìgbà tí kíbọ́ọ̀dù àti sikirínì bá ṣì so pọ̀, ọ̀kan nínú ọwọ́ àti ọrùn á máa jìyà. Ẹ ra kíbọ́ọ̀dù àti mouse lọ́tọ̀. Tí owó bá wà, ẹ fi mọ́nítọ̀ ínṣì 24 kọ́ sórí apá onírin. Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ náà kó ní ihò skúrúù mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní VESA 100×100 (mìlímítà 100 ló wà láàárín wọn), kí ẹ sì wo ìwọ̀n tí apá náà ń gbé. Tí mọ́nítọ̀ bá fúyẹ́ jù fún un, á máa fò sókè. Tó bá wúwo jù, á máa rọ̀ wálẹ̀. Skúrúù kan wà lára apá náà tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà yí láti tún un ṣe.

Kí sikirínì jìnnà sójú ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí 70, kí òkè ẹ̀ tẹ̀ síwájú títí táá fi dojú kọ ọ́ gan-an. Tó bá ń gbé orí kúrò lórí pílò kó tó lè kàwé, sikirínì ti wà nílẹ̀ jù. Ẹ má de apá onírin náà mọ́ pátákó orí bẹ́ẹ̀dì, torí gbogbo ìgbà tó bá yí ara ni yóò máa mì. Ara ògiri ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wáyà gba ojú kan ṣoṣo wọ inú nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi okùn so ibẹ̀, ẹ̀fọn ò ní ráyè.

Nọ́ọ̀sì_Ṣadé
Ìbéèrè kan kí ẹ tó ra pílò: dígírì mélòó ni dókítà ní kó gbé ẹ̀yìn sókè dé? Ṣé ó ń mọ nǹkan lára nínú ẹsẹ̀ méjèèjì? Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó má kọjá 30 fún ìgbà pípẹ́, kí ohunkóhun tó ń gbóná má sì kan itan ẹ̀ rárá, torí á jó o láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi pílò sábẹ́ orúnkún, kí ẹ tó gbé ẹ̀yìn sókè. Tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ṣáájú, á máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, awọ ìdí á máa fà, ibẹ̀ ni egbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó yí ipò padà ó pẹ́ tán ní wákàtí méjì méjì. Pílò kékeré kọ̀ọ̀kan sábẹ́ apá méjèèjì, kí ìgúnpá má fì.

ỌmọMókọ́lá
Ẹ ṣé gan-an mà. Dókítà gbà á láyè dé 45. Tí nǹkan bá kan ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ń mọ̀ ọ́n lára. Òun nìkan ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án o.

Wẹ́dà_Òṣogbo
Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń wà nílé, ẹ má ṣe tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó gba orí bẹ́ẹ̀dì kọjá. Ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló máa bá a tì í kó tó lè dìde. Ẹ ṣe ti ọsibítù, ẹlẹ́sẹ̀ kan: òpó kan ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Páìpù onígun mẹ́rin ínṣì 1, kí awọ ẹ̀ nípọn tó mìlímítà 1.5, ti mìlímítà 1 á tẹ̀. Táyà kékeré mẹ́rin, kí méjì ní bíréèkì. Táyà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 7 pẹ̀lú páìpù 2.5 jẹ́ 9.5, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín wọ́ọ́rọ́. Bí pátákó òkè bá ṣe gùn wọ orí bẹ́ẹ̀dì tó, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ gùn wọ abẹ́ ẹ̀. Tó bá kúrú, ọjọ́ tí ó bá fi ìgúnpá tì í ló máa dojú dé. Pílíwúùdù mìlímítà 18 ni kí ẹ fi ṣe òkè, sẹ̀ǹtímítà 60 sí 35.

Gíga ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ bó ṣe máa wà, pílò orúnkún lábẹ́ ẹ̀, kí ẹ tó wọn láti ilẹ̀ dé òkè itan. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún un. Ẹni tó bá wọn ọ́n ṣáájú pílò, itan ni tábìlì máa gbá.

Onímọ̀Ẹ̀rọ_Agége
Mo fara mọ́ ti wẹ́dà. Ní ti mouse, ẹ wá èyí tó ní bọ́ọ̀lù tí àtàǹpàkò ń yí, bíi Logitech Ergo M575. Ojú kan ló máa ń wà, kò nílò àyè. Pádì géèmù tí wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì dì mú ni kó fi gbá géèmù, kó gbé ọwọ́ lé pílò.

Ẹ má gba wáyà iná kọjá lábẹ́ fóòmù, ooru ò ní rí ibi jáde. Kí ẹ sì tú ẹsitẹ́ńṣọ̀n ká pátápátá. Èyí tí wọ́n bá ká jọ máa ń gbóná. Ara ògiri ni kí bọ́ọ̀dù ẹ̀ wà, níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ti lè pa á.