Ọ̀rọ̀ Walter White ti dìjà nílé wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ n lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àtàwọn àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Breaking Bad tán ni, síríìsì Amẹ́ríkà tó jáde láàárín 2008 sí 2013, àríyànjiyàn ò sì tán nílé. Wọ́n ní torí ìyàwó àtọmọ ni Walter, tíṣà tí jẹjẹrẹ ń bá jà, ṣe ń se oògùn olóró. Mo ní ṣebí Gretchen àti Elliott, àwọn ọ̀rẹ́ Walter àtijọ́ tó lówó, láwọn máa san owó ìtọ́jú ẹ̀, òun ló kọ̀? Jane, ọ̀rẹ́bìnrin Jesse, ọmọkùnrin tó ń bá Walter se oògùn náà, ń bì lójú oorun, èébì há a lọ́fun, Walter dúró tì í ó ń wò ó títí tó fi kú! Wọ́n gbà pé ìyẹn burú o, síbẹ̀ Skyler ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n ń bú, àbúrò mi obìnrin ló tún wá le jù, ìyẹn ló dùn mí. Anna Gunn tó ṣe Skyler kọ ọ́ sínú New York Times ní 2013 pé ìkórìíra yẹn ti dé orí òun fúnra òun. Mo fi hàn wọ́n, mo tún rán wọn létí pé ẹnu Walter náà ló fi sọ nígbẹ̀yìn pé torí ara òun lòun ṣe ṣe é, wọ́n kọ etí ikún sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ tí wọ́n á fi ro ti Skyler náà, láì ní kí wọ́n má fẹ́ràn Walter mọ́? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an ni o.