Overdrive Volvo bàbá mi ti wọlé o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bẹ̀ yín lóṣù mélòó kan sẹ́yìn pé kí ẹ bá mi wá gíà aládàáṣe (automatic) AW70 tó ní overdrive (gíà kẹrin tó ń dín eré ẹ́ńjìnnì kù lójú títì) fún Volvo 240 bàbá mi, torí gíà mẹ́ta tó bá a wá máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké tantan lójú títì.

Mo rí tòkunbọ̀ kan rà ní Ládípọ̀. Nígbà tí a tú u n'Òṣogbo níbí, òórùn jíjóná la kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn pléètì kílọ́ọ̀ṣì ti dúdú bí èédú. A ra tuntun, a rẹ wọ́n sínú epo gíà mọ́jú (ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tò ó ní gbígbẹ fún yín o), a pààrọ̀ àwọn síìlì.

Síbẹ̀, overdrive ò wọlé. Ó dùn mí gan-an. Àṣé rọ́bà róbótó ìdí solenoid (fáàfù oníná tó ń darí epo fún overdrive) la fojú fò! Ó ti gan, epo ń jò gbabẹ̀.

A pààrọ̀ rẹ̀, lánàá a sì wà á dé Gbọ̀ngán. Gíà kẹrin wọlé wọ́ọ́rọ́, 0.69 sí 1 (ẹ́ńjìnnì ń yí ìgbà 0.69 péré fún ìyípo kan ọ̀pá tó jáde nínú gíà), ariwo lọ sílẹ̀. Bàbá mi tẹ́tí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ́ńjìnnì ò tíì kú?"

Ẹni tó ní kí n yẹ solenoid wò, ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ tọkàntọkàn.