Ẹni tó bá ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù háyà rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọdún 2021 ni owó ìfẹ̀yìntì mi bọ́ sọ́wọ́, ọdún yẹn náà ni ìjọba ṣí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó ń já èrò ní Mọníyà. Kò sẹ́ni tí kò sọ pé ọ̀nà ibẹ̀ ni kí n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Mo ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, mo kọ́ márùn-ún. Ti ọmọ onílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, owó ìpìlẹ̀, owó páànù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ibi mítà ni ojú mi ti rí màbo. Ẹyọ kan ni mo gbà fún ṣọ́ọ̀bù márààrún, mo ní wọ́n á máa dá owó iná jọ. Ẹlẹ́ja yìnyín gba ṣọ́ọ̀bù kìíní, ó kó fìrísà mẹ́ta wọlé. Aránṣọ ló tẹ̀ lé e, gílóòbù kan àti áyọ́ọ̀nù ni gbogbo iná tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi kún owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn á máa tó ogún wákàtí lójúmọ́, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí yúníìtì kan fò dé 225 náírà, tí ọ̀nà tiwa náà sì bọ́ sínú rẹ̀, ìjà dé. Aránṣọ ní òun kò lè máa ránṣọ kí òun máa fi bọ́ ẹja. Iná tán lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, kò sẹ́ni tó rà á. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ Mọ́ńdè, omi ẹja ti ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, àǹkárá oníbàárà tó wà nílẹ̀ sì ti rin gbingbin. Àwọn méjèèjì pè mí, kálukú ní èmi ni kí n san tòun. Mo san díẹ̀ nínú ẹ̀, mo tún pe oníná kó wá fọ́ ògiri tí mo ti rẹ́, tí mo ti kùn, kó fa wáyà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní mo ṣe é kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri ni, owó wáyà nìkan ni ǹ bá san.

Mi ò sì kọ́ ilé ìgbẹ́ sí i o! Mo ní á gba àyè ṣọ́ọ̀bù kan. Wolé-wolé ló wá là mí lójú. Ṣọ́ọ̀bù karùn-ún ló padà di ilé ìgbẹ́.

Onílé kan, Muṣin:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Tèmi, ilé bàbá wa ni. Yàrá mẹ́rin tó kọjú sí títì la fọ́ di ṣọ́ọ̀bù, a ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣebí ilé wa ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri: ilé gbígbé ló wà lórí plánì, kì í ṣe ilé ìtajà. Bá a ṣe ń sá sókè sódò lórí ìyẹn ni bíìlì Land Use Charge, owó tí ìjọba Èkó ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀, tún dé. Ohun tí ilé òwò ń san ju ti ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé lọ fíìfíì, èmi sì ti ná owó ṣọ́ọ̀bù ọdún yẹn tán.

Àmọ́ èyí tó burú jù ni ti ayálégbé tó jẹ mí lówó ọdún kan. Mo lọ fi àgádágodo tèmi lé tirẹ̀ lóru. Nígbà tí lọ́yà mi gbọ́, ńṣe ló káwọ́ lérí. Ó ní òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011 kò fàyè gba irú ẹ̀: bí àdéhùn ò bá sọ ọ́ lọ́nà míì, ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, ìwé kó-kó-jáde oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń fún un, kí wọ́n tún tó fún un ní ti ọjọ́ méje, kóòtù ló sì kàn. Àdéhùn dà? A ò kọ ọ́. Ọmọ àdúgbò ni, a jọ ṣe kékeré ni. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo tún bẹ̀ ẹ́ kó má pè mí lẹ́jọ́.

Onígbàjámọ̀, Abẹ́òkúta:

Ayálégbé ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ṣọ́ọ̀bù kan, mi ò jẹ onílé lówó rí. Ó wá kó ẹ̀rọ ata sí ẹ̀gbẹ́ mi torí pé ẹlẹ́rọ fi ẹgbàárùn-ún náírà lé owó. Díńgí ń gbọ̀n, clipper ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ata ń ta oníbàárà lójú. Mo kó jáde. Ẹni tó gbà á lẹ́yìn mi ò lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ó ti wà lófìfo láti èṣí.

Ẹni tó fẹ́ rà, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tí wọ́n ti kọ́ parí ni wọ́n fẹ́ tà fún mi, kò jìnnà sódò, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Lọ́yà ti yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó pé. Ajẹ́ǹtì ní kí n ṣe kíá. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ni mo wà lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí omi gbé afárá lọ, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú oòrùn. Ọ̀dà tuntun wà lára ògiri inú, àmọ́ kò kọjá ìbàdí, òkè rẹ̀ ṣì gbó. Mo bi alákàrà tó wà níwájú bóyá omi máa ń wọ ibẹ̀. Kò wojú mi, ó kàn ń yí àkàrà rẹ̀ nínú epo.

“Bọ̀dá,” ó ní, “ẹ padà wá tójò bá rọ̀.”