Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi fẹ́ jiyàn pé Ìwọ̀-Oòrùn ló bí eléré ìdárayá tó ga jù, ta la lè kà mọ́ tiwa?

Ìyá Dámilọ́lá, Àsẹ̀rò:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin wà lára àwọn tí yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn níbi ìjiyàn àárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ l'Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìhà tí wọ́n ní kó gbè ni pé, nínú gbogbo agbègbè Nàìjíríà, Ìwọ̀-Oòrùn ló bí àwọn eléré ìdárayá àti ikọ̀ tó ga jù lọ. Ó ti kọ orúkọ kún ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀, Rashidi Yekini ló sì wà lókè pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yà sílé wa láti Lafẹ́ńwá lọ́jọ́ Àìkú. Ó gba bírò pupa lọ́wọ́ ọmọ, ó fi fa ìlà gba orí Yekini, ó ní Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Ó wọ́gi lé Osimhen, ó ní ọmọ Edo ni. Ó wọ́gi lé Anthony Joshua, ó ní ọmọ ìlú òyìnbó ni. Ọmọ fàáké kọ́rí pé Yorùbá ni Yekini, pé níbí yìí gan-an ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún Abiola Babes. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó gbà fẹ́nì kan.

Ta la lè kà mọ́ tiwa? Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Enyimba ńkọ́? Ṣé kó dákẹ́ lórí wọn ni, àbí kó dárúkọ wọn?

Ọmọ Ìbarà:
Àǹtí mi, tiwa ni Yekini, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, lọ́dún 1993. Góòlù 37 ló jẹ fún orílẹ̀-èdè yìí. Àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé, èyí tí wọ́n jẹ Bulgaria lọ́dún 1994, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ló ti wá. Ẹ rántí bó ṣe ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó dì í mú, tó ń sunkún. Ara mi ṣì máa ń bù máṣọ tí mo bá rí fọ́tò yẹn.

Tíṣà Ìjẹ̀jà:
Ìyá Dámilọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Òfin méjì ni ẹ̀gbọ́n yín fi dá ẹjọ́ kan ṣoṣo. Torí pé Kàdúná ni wọ́n bí Yekini sí ló ṣe yọ ọ́. Èkó ni wọ́n sì bí Osimhen sí, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìyẹn, ó pa ibi ìbí tì, ó wá ìlú bàbá rẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá ṣe irú èyí níwájú adájọ́, àwọn alátakò á mú un níbẹ̀. Òfin kan ni kó mú, kó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, kó má kúrò lórí ẹ̀.

Bó bá mú ibi ìbí, Hakeem Olajuwon, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó bá Houston gba ife NBA l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1994 àti 1995, di tiwa, torí Èkó ni wọ́n bí i sí. Osimhen wọlé. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, tó gba agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹfà, wọlé. Tóbi Amúsàn tó ń sáré, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wọlé. Yekini àti Joshua á bọ́ síta.

Bó bá jẹ́ orírun, Joshua padà torí Ṣàgámù. Ademola Lookman tí wọ́n bí sí London, tó dá góòlù mẹ́ta jẹ nínú àṣekágbá Europa lọ́dún 2024, bá a wọlé. Osimhen lọ nìyẹn. Yekini ni yóò wá le jù. Yorùbá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ira ní ìpínlẹ̀ Kwara ni ìdílé rẹ̀ ti wá, Àárín Gbùngbùn Àríwá sì ni wọ́n ka Kwara sí. Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ní kí ọmọ sọ̀rọ̀ lé lórí, wọn ò ní kó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yà Yorùbá.

Àwọn kan á ní ibi téèyàn ti kọ́ bọ́ọ̀lù ni kí á wò. Kàdúná ṣì lè bá wa fà á níbẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti gbá fún UNTL kó tó wá sí Shooting Stars n'Ìbàdàn, kó tó wá di ti Abiola Babes níbí. Èmi fara mọ́ ibi ìbí. Ó dùn mí láti yọ Yekini, àmọ́ ẹ̀rí ibi ìbí ò ṣeé jiyàn.

Bàbá Alágbà, Ìtọ̀kú:
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti dé Houston, ẹ ti dé London, ẹ ò tíì dárúkọ Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, 3-0 la na Algeria ní Súrùlérè. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Múdà Lawal jẹ ẹyọ kan. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí! Nínú ìlú yìí ni gbogbo góòlù ọjọ́ náà ti wá.

Rédíò mi wà lórí pèpéle lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àwọn aláàdìrẹ pa ọjà tì, wọ́n yí i ká. Eré ò tíì le, Ṣẹ́gun ti jẹ àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó lọ sinmi ó ti fi ìkejì kún un. Bí wọ́n ṣe padà sórí pápá báyìí ni Múdà fi ẹ̀kẹta dé e. Ariwo tó sọ l'Ìtọ̀kú lọ́jọ́ náà, ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Kí ọmọ wa fi èyí bẹ̀rẹ̀. Ó bá òfin Tíṣà mu.

Ìyàwó Ẹ̀gbá, ọmọ Ughelli:
Ẹ kúulé o. Ọmọ Delta ni mí, Ẹ̀gbá lọkọ mi, àwọn ọmọ mi sì ń kàwé níbí, nítorí náà ẹ gbọ́ tèmi náà. Kí ọmọ má fojú di wa. Ní pápá Kútọ̀ yìí ni wọ́n ti ṣí Ìdíje Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ògùn ló gbàlejò, Delta ló gbé ipò kìíní lọ.

Tó bá kan Òlíḿpíìkì, ẹyọ ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo ló tíì dá gba wúrà níbẹ̀ títí dòní: Chioma Ajunwa, ọmọ Imo, tó fò mítà 7.12 ní Atlanta lọ́dún 1996. Nínú eré fífò yẹn kan náà ni Ese Brume, ọmọ ìlú mi, ti gba idẹ ní Tokyo. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ńkọ́? Hogan Bassey wá láti ìhà Calabar, ọdún 1957 ló gba bẹ́líìtì àgbáyé. Ọmọ Amaigbo ni Dick Tiger.

Mo fẹ́ bi Tíṣà léèrè. Azare ní Bauchi ni wọ́n bí Stephen Keshi sí, Illah ní Delta sì ni ilé bàbá ẹ̀. Ṣé Bauchi ló wá ni ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù wa? Èkó gba tọmọ-tìyá, bàbá Osimhen bá tirẹ̀ débẹ̀, ó bímọ, ọmọ dàgbà ní Olúsosùn. Ṣé tìtorí ìyẹn ni Edo ò fi ní dá sí i mọ́?

Tíṣà Ìjẹ̀jà:
Aya wa, ìbéèrè gidi lẹ bi mí. Nínú ìjiyàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni, Bauchi ló ni Keshi. Bí ọmọ bá mú Osimhen, kó fi Keshi sílẹ̀ fún Bauchi láì janpata. Ohun tí yóò jẹ́ kí adájọ́ gbà á gbọ́ nìyẹn. Kó sì sọ ọ́ kedere pé Edo lorírun Osimhen, kó má fi pa mọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní Ọbáńtokò:
Ẹ jẹ́ n dáhùn ti ikọ̀. Òṣèé Olúyọ̀lé! Shooting Stars ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 1976. Rangers láti Enugu gba irú ife yẹn náà lọ́dún 1977. Shooting Stars tún gba ife CAF lọ́dún 1992, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Abiola Babes gba ife FA lọ́dún 1985 àti 1987, Remo Stars láti Ìkẹ́nnẹ́ sì gba líìgì lọ́dún 2025.

Ṣùgbọ́n ife tó ga jù fún àwọn ẹgbẹ́ ní Áfíríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Champions League báyìí, ńkọ́? Shooting Stars wa dé àṣekágbá ẹ̀ lọ́dún 1984 àti 1996, Zamalek láti Íjíbítì ló sì gbà á lọ́wọ́ wa nígbà méjèèjì. Enyimba láti Aba gbà á lọ́dún 2003, wọ́n tún gbà á lọ́dún 2004. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà míì tó gbà á rí. Ìyá Dámilọ́lá, ọmọ yín gan-an ni kó kọ́kọ́ dárúkọ Enyimba, kí àwọn alátakò má bàa fi gbá a lulẹ̀. Kó gbà fún wọn lórí ife yẹn, kó gbà fún wọn lórí Ajunwa, kó wá fi oríṣiríṣi eré jà. Tẹ́níìsì orí tábìlì: Ṣẹ́gun Toriola lọ sí Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀meje, Fúnkẹ́ Oshonaike lọ lẹ́ẹ̀meje. Aruna Quadri, ọmọ Ọ̀yọ́, dé ìpele kọ́tà fáínà ní Rio lọ́dún 2016. Kó fi ti Olajuwon tẹ̀ lé e, kó fi ti Oshoala, kó fi ti Amúsàn. Agbègbè wo ló tún tó eléré nínú eré tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ibẹ̀ ni kó ti bi wọ́n.

Ìyá Dámilọ́lá, Àsẹ̀rò:
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún un. Ibi ìbí ló mú. Omi bọ́ lójú ẹ̀ nígbà tó ń yọ Yekini, àmọ́ ó yọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ọdẹ́gbàmí àti Múdà ló fi bẹ̀rẹ̀ báyìí. Aya wa láti Ughelli, ó ní kí n bi yín bóyá ẹ lè wá ṣe alátakò fún un lọ́jọ́ Sátidé, kó lè fi yín dánra wò.

Ìyàwó Ẹ̀gbá, ọmọ Ughelli:
Màá wá. Kó múra sílẹ̀ dáadáa, mi ò ní ṣàánú ẹ̀.

Bàbá Alágbà, Ìtọ̀kú:
Ẹ má gbàgbé Fàlílátù Ògúnkọ̀yà, ọmọ Òde Lẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Idẹ ló gbà nínú eré mítà 400 ní Atlanta lọ́dún 1996, ìṣẹ́jú-àáyá 49.10 ló fi sá a, ó sì wà nínú àwọn obìnrin mẹ́rin tó gba fàdákà níbi eré 4x400. Ìgbà tí Ajunwa gba wúrà náà nìyẹn. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Ajunwa, kí ọmọ gbà, kó sì fi Ògúnkọ̀yà tì í.