Preamp olówó ńlá: kí lẹ fi ń mọ̀ pé ó yẹ owó rẹ̀?

Etígbọ́: Ẹ̀yin tí ẹ ń lo preamp olówó ńlá nílé (ẹ̀rọ tó wà láàárín ibi tí orin ti ń wá àti power amp, tí fọ́lúùmù wà lára rẹ̀), báwo lẹ ṣe ń dán an wò? "Ohùn ẹ̀ dùn" nìkan ò tó o. Ẹ sọ ohun tí ẹ wọ̀n àti bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n.

Mítà Lọ́wọ́: Kẹ́ ẹ tó fi preamp méjì wéra, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ròkè bákan náà. Tí ọ̀kan bá fi 1 dB (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè sí) péré ròkè ju èkejì lọ, etí ò ní sọ pé ó ròkè. Á ní ó kún, ó já gaara. Ibẹ̀ lowó ti ń wọgbó. Ẹ fi ohùn sine 400 Hz (ohùn kan ṣoṣo tí kì í yí padà) sí i, ẹ gbé mítà iná sí AC, kẹ́ ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ibi tí wáyà sípíkà ti wọ power amp (amp tó ń ti sípíkà). Ẹ yí fọ́lúùmù títí á fi ka 1.00 V. Ẹ gbé preamp kejì wọlé, ẹ rí i pé tiẹ̀ náà wà láàárín 0.99 sí 1.01. Ìyẹn ò tó 0.1 dB. Ẹ ṣe é fún ọ̀tún, ẹ ṣe é fún òsì.

Bàbá Tube: Bí fọ́lúùmù bá ń fi 1 dB 1 dB gòkè ńkọ́? Kò lè bọ́ sí 1.00 yẹn láéláé.

Mítà Lọ́wọ́: Ẹ fi fọ́lúùmù kọ̀ǹpútà tàbí DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ orin oní-nọ́ńbà di iná tí amp lè lò) dín ìyókù. Ẹ kọ iye tí ẹ dín fún preamp kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè dá a padà síbẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀.

Wáyà Pupa: Òsì àti ọ̀tún yẹn gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Potentiometer (ohun tí bọ́tìnnì fọ́lúùmù ń yí) tó dáa tiẹ̀ lè yàtọ̀ ní 2 dB láàárín ọ̀tún àti òsì nígbà tí fọ́lúùmù bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Olórin tó yẹ kó dúró láàárín á wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibi tí bọ́tìnnì máa ń wà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ orin lóru ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ní agogo méjìlá ojú bọ́tìnnì, níbi tí gbogbo wọn ti ń ṣe dáadáa.

Ìró Tó Mọ́: Kí ló tiẹ̀ gbé bọ́tìnnì dé ìsàlẹ̀? Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. DAC ń fún wa ní 2 V. Power amp tó ń fi 26 dB gbé ohùn sókè ń sọ ọ́ di ìlọ́po 20, ìyẹn 40 V, tó jẹ́ 200 W sínú sípíkà 8 Ω, láìtíì ka ti preamp mọ́ ọn. Ẹ wá lọ ra preamp tó tún ń fi 12 dB kún un! Ariwo ṣìì rẹ̀ á máa jáde, bọ́tìnnì ò sì ní kúrò nísàlẹ̀. Èyí tó ní 0 sí 6 dB ti tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Tí ẹ bá ti ra oní-12 dB yẹn tán, attenuator 10 dB (ohun kékeré tó ń dín ohùn kù) lẹ́nu power amp á tún un ṣe.

Kò Sí Preamp: Ẹ so DAC mọ́ power amp tààrà. Ó parí.

Bàbá Tube: Ó parí báwo? Àwọn tó ń gbọ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹnu MM (ibi tí wọ́n ń so abẹ́rẹ́ àwo mọ́) ń fẹ́ nǹkan bí 40 dB àti ìdènà iná 47 kΩ. Tí kọ̀ǹpútà bá sì ṣèèṣì gbé ohùn lọ sókè pátá, ta ló máa san owó tweeter (sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde)?

Kò Sí Preamp: DAC 24 bit lè dín 30 dB kù, bit (ìwọ̀n kúlẹ̀kúlẹ̀ orin) márùn-ún péré ló máa lọ. Ta ló máa gbọ́ ọ?

Wáyà Pupa: Bit kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Ariwo tí DAC fúnra rẹ̀ ń pa níbi tó ti ń jáde kì í dín kù tẹ́ ẹ bá dín orin kù nínú kọ̀ǹpútà. Fọ́lúùmù tó wà lẹ́yìn DAC ń dín orin àti ariwo pọ̀. Ẹni tí sípíkà rẹ̀ bá ń gbọ́ràn gan-an, tí iná díẹ̀ ń mú un ròkè, bí 100 dB, á gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn tó bá súnmọ́ ọn.

Kò Sí Preamp: Fún sípíkà bẹ́ẹ̀, mo gbà.

Etígbọ́: Wọ́n ní preamp onítube (tó ń fi tube gíláàsì ṣiṣẹ́ dípò transistor) kì í ní bass. Ṣóòótọ́ ni?

Bàbá Tube: Irọ́ ni! Kapasítọ̀ (ohun tí orin ń gbà kọjá lọ sí power amp) tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ni kẹ́ ẹ bi. 0.47 µF sínú power amp tí ìdènà ẹnu rẹ̀ jẹ́ 10 kΩ á ti gé bass ní 34 Hz. Sínú 100 kΩ, 3.4 Hz ló máa di. Preamp kan náà, tube kan náà. Ẹ wo iye kΩ tó wà lára power amp yín kẹ́ ẹ tó bú tube. Ẹni tó bá fẹ́ gbé kapasítọ̀ ńlá sí i, kó fi mítà wò ó pé iná ti tán nínú rẹ̀ ná; inú preamp onítube lè mú 250 V dání lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa á.

Ayọ̀ Orin: Èyí tó bá ń kùn hùn-ùn ńkọ́?

Ìyá Ohùn: Ẹ yọ gbogbo wáyà ẹ̀yìn preamp, ẹ fi èyí tó lọ sí power amp nìkan sílẹ̀. Tó bá dákẹ́, preamp ò jẹ̀bi. Ẹ máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí kíkùn náà á fi padà wá. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni, ẹ yọ ṣájà rẹ̀. Tó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ kó gbogbo wọn sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ó sábà máa ń tó.

Gbohùngbohùn: Ẹ gé wáyà earth. Kíá.

Ìyá Ohùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ má gé e o! Ọjọ́ tí iná bá kan irin ara preamp, ọwọ́ ẹni tó bá dì í mú ló máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Transformer kékeré tí wọ́n ń fi sójú wáyà RCA (wáyà orin lásán) ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni.

Wáyà Pupa: Tàbí kẹ́ ẹ lo XLR (wáyà onípíìnì mẹ́ta), tí inú preamp bá jẹ́ balanced (tó ń gbé orin gba wáyà méjì kí ariwo lè pa ara rẹ̀ rẹ́) lóòótọ́.

Mítà Lọ́wọ́: Kó tó kan power amp rárá, ẹ gbé mítà sí DC mV (DC ni iná tí kì í yí padà, kì í ṣe orin), ẹ wọ̀n ẹnu àbájáde preamp. 10 mV, tí power amp bá ń gbé DC kọjá, á di 200 mV lẹ́nu sípíkà. Tó bá jùyẹn lọ, ẹ má so ó.

Ayọ̀ Orin: Tó bá ń ṣe gbàù nígbà tí wọ́n bá tàn án?

Bàbá Tube: Power amp ló ń gbẹ̀yìn tàn, òun náà lẹ ó kọ́kọ́ pa.