Ṣé họ́mọ̀nù ló ń sọ èèyàn di ọ̀gá, àbí ipò ọ̀gá ló ń gbé họ́mọ̀nù sókè?

Bọ́lá_A: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí jàre. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí testosterone, ìyẹn họ́mọ̀nù tó máa ń pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, bá pọ̀ lára ẹ̀ ló máa ń jọ̀gá, pé òun náà ló máa ń lágídí. Àmọ́ mo mọ èèyàn jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé tó bá ti sọ̀rọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Èwo ló kọ́kọ́ dé gan-an?

Ìyá_Ìbejì: Ipò náà máa ń yí họ́mọ̀nù padà o. Lọ́dún 1992 olùwádìí kan, Allan Mazur, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ itọ́ àwọn tó ń ta chess wò, chess o, níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti gbá ẹnikẹ́ni létí, síbẹ̀ testosterone àwọn tó borí ga ju ti àwọn tó fìdí rẹmi lọ. Ní Philippines náà, wọ́n tẹ̀ lé ọkùnrin 624 fún ọdún mélòó kan, èsì ẹ̀ jáde ní 2011, tàwọn tó di bàbá ọmọ wálẹ̀ gan-an.

Kúnlé_tíṣà: Ẹ má gbàgbé cortisol, họ́mọ̀nù wàhálà. Robert Sapolsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn ọ̀bọ baboon ní Kẹ́ńyà: tí agbo wọn bá tòrò, ti ọ̀gá máa ń lọ sílẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń jẹ̀yà, ọ̀kan á máa jẹun lọ́wọ́ á tún máa wẹ̀yìn, torí akọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù nítòsí lè ṣàdédé yíjú sí i kó gé e jẹ. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ń du ipò, tọ̀gá náà á ròkè. Lójú tèmi, ká tó béèrè ipò èèyàn, ká kọ́kọ́ béèrè bóyá ipò ọ̀hún fìdí múlẹ̀. Ní Amboseli tiẹ̀, ní Kẹ́ńyà kan náà, ìwádìí 2011 fi hàn pé họ́mọ̀nù wàhálà akọ baboon tó wà nípò kìíní ga ju ti ìkejì ẹ̀ lọ.

Bọ́lá_A: Ẹ ṣé gan-an. Ti pé kéèyàn dúró gbagidi kó fọwọ́ lé ìbàdí kí testosterone lè gòkè ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì: Ẹ gbàgbé ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. 2010 ni wọ́n gbé e jáde, àwọn míì tún un ṣe fún èèyàn 200 ní 2015, họ́mọ̀nù ò mira, Dana Carney tó wà lára àwọn tó kọ ọ́ sì ti sọ ní 2016 pé òun ò gbà á gbọ́ mọ́. Èyí tó wù mí jù ni ti 2010 tí wọ́n fún àwọn obìnrin kan ní testosterone, tí wọ́n wá ní kí wọ́n pín owó. Àwọn tí wọ́n fún gan-an pín in dáadáa, àwọn tó kàn rò pé àwọn ti gbà á ló ń fẹ́ kó tiwọn pọ̀ jù.