Àjà ṣọ́ọ̀bù àti gbọ̀ngàn: ìgbà wo lẹ ránṣẹ́ pe ẹnjiníà? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Oníbi-ìnáwó, Ìlọrin

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Unity Road ni mo háyà láti sọ di ibi ìnáwó. Mo ní kí oníṣẹ́ POP yọ àjà àtijọ́ kúrò, kó ṣe aláràbarà, kó sì gbé AC mẹ́rin sínú ẹ̀, irú èyí tó ń fẹ́ wá sísàlẹ̀ láti inú àjà. Ó wọn ibẹ̀, ó dá iye lé e, mo sanwó. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó máa gbé gbogbo ẹrù yẹn dúró. Èmi náà ò béèrè. Àjà lásán ni mo kà á sí.

Oṣù kẹrin, ìjì òjò jà mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìlà kan ti gba àárín POP kọjá, ibi AC kejì sì ti wú sílẹ̀ bí ikùn ìkòkò. Ìkómọ kan wà nílẹ̀ ní ọ̀túnla. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹnjiníà tó ní òǹtẹ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló gun àkàbà wọ inú àjà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti gé igi méjì."

Àwọn igi gbọọrọ tó so ògiri kan mọ́ èkejì ló ń wí, àwọn tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ òrùlé yà sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n gé wọn kí AC lè ráyè. Báíńdìn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi so POP kọ́, bẹ́ẹ̀ òjò ti jò sórí ẹ̀. POP tó bá ti mumi yó, ẹrù mìíràn nìyẹn.

Mo dá owó onínàáwó padà, mo bẹ̀ wọ́n. Ìgbà tí mo ro àwọn ọmọ tí ì bá jókòó sábẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún àwòrán iṣẹ́ náà yà, ó fi irin kún òrùlé, ara irin yẹn ni AC kọ́ sí báyìí.

Bàbá Onípíòpì, Ọ̀fà

Ìyá, ẹ kú ewu. Ọlọ́run yọ yín.

Wọ́n gbé ilé kan fún mi nígbà kan tí wọ́n pín sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà. Ìdí àjà ni ògiri tó pín wọn parí sí. Òkè àjà ṣófo láti ìkíní dé ìkẹfà. Áyọ́ọ̀nù télọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun dá iná sílẹ̀, kí a tó mọ̀, èéfín ti ń tú jáde ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, tó jìnnà sí i. Òkè àjà ló gbà. Ákítẹ́ẹ̀tì tó wá wò ó ló là mí lójú pé ògiri yẹn gbọ́dọ̀ kan páànù. Ó ní omi wà nínú gípsọ́ọ̀mù, ìyẹn ohun tí POP máa ń dì sí, bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹ̀, òun ló ń fa iná sẹ́yìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá lu ihò gílóòbù káàkiri láìdí wọn, a ti bà á jẹ́.

Látìgbà náà, ilé tí èrò bá ń wọ̀, mo máa ń béèrè ìwé àwòrán iṣẹ́ kí n tó gbé àkàbà. Àwọn kan bínú lọ bá ẹlòmíràn.

Olùkọ́, Ọmù-Àrán

Òjò ba páálí àjà méje jẹ́ níbi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà, àwọn onígun mẹ́rin 60 sẹ̀ǹtímítà yẹn. Ṣé èyí náà fẹ́ ẹnjiníà?

Ìyá Oníbi-ìnáwó

Rárá o. Ẹ dí ibi tó ń jò, kí káfíńtà pààrọ̀ páálí. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ gé ohunkóhun lára òrùlé, tí ẹ bá fẹ́ gbé ohun wúwo kọ́, tàbí tó jẹ́ pé àjà ló ń dá iná dúró láàárín yín àti aládùúgbò, ẹ wá ẹni tó ní òǹtẹ̀: COREN fún ẹnjiníà, ARCON, àjọ tiwọn, fún ákítẹ́ẹ̀tì. Ṣé ilé àtijọ́ ni?

Olùkọ́

Ti 1974 ni. Páálí líle eléérú ló ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn. A máa ń kan ìṣó mọ́ ọn.

Bàbá Onípíòpì

Ó lè jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ dáwọ́ ìṣó dúró, ẹ má fi ayùn kàn án, ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọ gbá ibẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi wò ó.